Mi Ò Gba Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àdúrà, ẹ sì kú ìfaradà òjò ọdún yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Àgbà. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà nídìí òfì, mo sì kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti bí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìríra wa di àìmọra.

Ẹ mọ̀ mí, Ìyá mi, n kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dé etí yín kò gba kọ̀rọ̀ wá. Àwọn oníṣòwò aṣọ òkè ló gbé e láti ọjà dé ọjà, wọ́n ní Bùsárì tó kàwé ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Sùnmọ́nù, ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ, nítorí pé orúkọ Sùnmọ́nù ni gbogbo èrò ń pè. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí, kí ibi tí ẹ̀sùn ti dé, kí èsì náà lè dé ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi pé ẹ ránṣẹ́ bi mí kí ẹ tó bínú. Ìyá mìíràn ì bá ti ṣépè.

Ara mi le. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ṣì ń ṣe jẹun: mò ń ya àwòrán òrùlé fún Faransé kan tó ń kọ́lé fún àwọn oníṣòwò. Kútọnu kò ní òkè, kò ní àpáta. Yanrìn ni níbi gbogbo, atẹ́gùn òkun sì ń fi iyọ̀ jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Owó ń wọlé níwọ̀n, kò sì pọ̀ débi tí yóò sọ mí di agbéraga. Àárò ilé ni ó ń dà mí láàmú, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú, tí àwọn aládùúgbò bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ilé dá páropáro. Yorùbá tí àwọn ará Kétu ń sọ níhìn-ín pàápàá, mo ní láti tẹ́tí sí i dáadáa kí n tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń dúpẹ́ fún bọ́ọ̀lù. Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, gbogbo àwa tí a ti òkèèrè wá máa ń pàdé lórí yanrìn tó wà lẹ́yìn ọjà Gbégamey, a ó sì gbọ́ èdè ara wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹsẹ̀ mi ti wúwo fún eré, ṣùgbọ́n wọ́n fi mí ṣe alámòójútó ẹgbẹ́ náà. A ní asáré mẹ́ta níwájú. Sùnmọ́nù ni àgbà wọn. Fàtáì, ọmọ alátùpà, ni ó tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Ẹ̀kẹta ni Basílíò, ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́, ìlú tó wà nítòsí wa níhìn-ín, tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Sùnmọ́nù. Mẹ́ta ni wọ́n, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù. Bí ó ti wù kí bọ́ọ̀lù jìnnà tó, ọ̀dọ̀ Sùnmọ́nù ni wọn yóò dá a padà sí, òun náà yóò sì ki eré mọ́lẹ̀. Èrò yóò máa hó. Àwọn ẹgbẹ́ kejì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa ń yàn láti dúró dè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn mẹ́ta náà wó lù ú lórí yanrìn. Orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Ìyá mi, ẹ rántí pé ẹsẹ̀ ni àbúrò mi fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Iléyá kù díẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà sì kún ilé dé ẹnu ọ̀nà. Onílé wa, obìnrin Fọ̀n kan tí kò bá wa tan rárá, ni ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, tí kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju ẹ ṣé lọ. Ẹ bá mi fi orúkọ rere rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Dókítà ìjọba wò ó, ó ní yóò san, àmọ́ bí ó bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Sùnmọ́nù lọ wá iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ nìkan ṣe.

Nígbà tí orúnkún san, mo pe ìpàdé. Mo ní iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe: bí a bá gbé gbogbo ẹrù lé òpó kan nígbà tí òpó mẹ́ta wà ní ìdúró, kì í ṣe òpó ni kí a dá lẹ́bi bí ó bá ṣẹ́. Mo ní kí a pín bọ́ọ̀lù láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ alákọ̀wé dára. Nígbà tí a dé orí pápá, Fàtáì rí ojú ilé góòlù gedegbe, aṣọ́lé ti ṣubú, ó sì yí padà, ó gbá bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn fún Sùnmọ́nù!

Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó wólẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé nílé àwọn, ẹni tó bá na ọwọ́ sí ẹran kí àgbà tó mú, wọn a gbá a lọ́wọ́, ọwọ́ náà sì ṣì ń dùn ún títí di òní. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Basílíò ní ti òun tilẹ̀ burú jù, pé ọ̀gá òun ni Sùnmọ́nù: bí òun bá gbá góòlù wọlé lójú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ta ni yóò kọ́ òun bí a ṣe ń gé ọrùn agbádá lọ́jọ́ Ajé? Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mo rí i pé ẹ̀kọ́ ilé tó dára ni ó fẹ́ dá ẹsẹ̀ àbúrò mi.

Ẹ̀yin gan-an ni ẹ gbà mí, Ìyá mi. Mo rántí pé nílé wa, àgbà kì í jókòó kí wọ́n máa kó gbogbo ẹran sí iwájú rẹ̀. Àgbà ni ẹ máa ń fún ní ọ̀bẹ kí ó pín in, ẹni tó bá sì pín in ni yóò mú kẹ́yìn. Nítorí náà mo sọ fún Sùnmọ́nù pé kí ó fà sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n ṣì máa gbé bọ́ọ̀lù fún un gẹ́gẹ́ bí àgbà, ṣùgbọ́n kí òun má sáré pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó pín in fún Fàtáì lápá kan àti Basílíò lápá kejì.

Inú bí i. Ó ní mo fẹ́ sọ òun di arúgbó ní ọ̀sán gangan, pé ìlara ń jẹ mí nítorí pé kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún àwòrán òrùlé. Ibi ìbínú yìí ni ọ̀rọ̀ ti ta sí etí àwọn oníṣòwò. Mo mọ̀ pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fẹ́ máa gbọ́, kì í ṣe ìyìn rẹ̀.

Ọjọ́ tí a bá ẹgbẹ́ kan láti Àjàṣẹ́ pàdé dé. Sùnmọ́nù dúró sẹ́yìn, ojú rẹ̀ le. Ó pín bọ́ọ̀lù fún Fàtáì, Fàtáì sì fi í sínú ilé kí àwọn tó dúró de Sùnmọ́nù tó mọ̀ pé ọjà ti tú. Àjàṣẹ́ dá góòlù náà padà. Sùnmọ́nù pín in fún Basílíò, Basílíò tàsé. Ó tún pín fún un, ó tún tàsé. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí mi pé alákọ̀wé ti fi rúlà pín bọ́ọ̀lù, kí n tètè lọ wá ẹni tí yóò pín in pẹ̀lú ọpọlọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù bọ́ sí Sùnmọ́nù lẹ́sẹ̀. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tún ti dúró dè é. Ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí yóò sáré, ọkàn mi sì fò. Ó yí ojú sí Basílíò, ó sì tún gbé e fún un. Basílíò gbá a, ó ba òpó, ó fò jáde. Ọ̀mì ni a ta.

Èbú tó tẹ̀lé e kò ṣeé kọ tán. Ọkùnrin kan tó ń ta taya kẹ̀kẹ́ ní télọ̀ ti gé aṣọ wa dànù, pé ẹni tó ti tàsé lẹ́ẹ̀mejì, kí ni wọ́n tún gbé bọ́ọ̀lù fún un ṣe? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Sùnmọ́nù ṣáájú mi. Ó ní ọ̀gá tí kò bá jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, òun nìkan ni yóò rán gbogbo aṣọ Iléyá, ojú rẹ̀ yóò sì fọ́. Ó ní kí baba onítáyà mú aṣọ tirẹ̀ wá lọ́la, Basílíò ni yóò gé e. Ọkùnrin náà kígbe pé kí Ọlọ́run má ṣe é, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi gbé bàtà rẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó sì bi mí bóyá ebi kò tíì pa mí. A jọ rìn lọ sílé, kò tiro.

Ìyá mi, ohun tí ó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ wa ní pípín kí ẹ tó kọ́ wa ní jíjẹ. Sùnmọ́nù kí yín. Ó ní òun fúnra òun yóò sọ fún àwọn oníṣòwò náà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ẹ̀mí yín gùn, kí ara yín le koko, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá wa kí ará ilé, ará àdúgbò àti gbogbo ẹni tó bá béèrè wa.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fi ọpẹ́ rántí yín,
Bùsárì