Dírẹ́bà Tí Yóò Gbé Ohùn Ìyá Rẹ Jáde

Pàkò, Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1998.

Sàrátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Èkó tí o wà yẹn. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọ̀gá rẹ Ọlálékan ńkọ́, ṣé kì í jágbe mọ́ ọ? Èmi bàbá rẹ wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu tí mo bá ti foríkanlẹ̀ tán tí mo fẹ́ dìde. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a sunkún ara wa mọ́, ti ọdún yìí ti tó. Àmín.

Òjò ti dáwọ́ dúró níbí. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn lọ́nà Tápà ta dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bó o, kò sí ẹni tí yóò rẹ ẹ́, mo bá tà á láìwú fún àwọn tó ń ṣe gààrí, wọ́n wá wú u fúnra wọn. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan abo kan. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń lọ dúró sí, á máa wo inú. Mo ti sọ fún un pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́, kò gbọ́. Nígbà mìíràn èmi náà á lọ dúró tì í, kí ó má baà dà bíi pé òun nìkan ni.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á títí dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo bá gbé e lọ bá Tíṣà Edith tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé ẹ̀yìn ilé wa. Ó fi ara balẹ̀ kà á fún mi. Ó yé mi pé kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ kọrin sí lọ́jọ́ Iléyá ìjọ́sí, èyí tí o mú lọ lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé o fẹ́ kó ohùn inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó má baà bàjẹ́, o ti kó o síbẹ̀. Ó yé mi pé ohùn náà ti wọlé, pé ẹ ń rí i lójú gíláàsì bí òkè àti àfonífojì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Mo ní kí Tíṣà Edith tún ibẹ̀ kà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń rí i, wọn ò gbọ́ ọ. Sàrátù, èmi àti ìyá rẹ gbé pọ̀ títí irun wa fi funfun, n kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ṣe é rí. Báwo ló ṣe rí? Ṣé ó ga? Mo rò pé ibi tó ga jù yẹn ni ibi tó ti ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Tí ẹ bá lè ya fọ́tò rẹ̀, ẹ bá mi ya ọ̀kan.

O kọ ọ́ pé sọ́ọ̀fútúwíà ni ẹ fi ń gé ohùn níbẹ̀. Tíṣà Edith ronú sí i, ó ní sọ́ọ̀fútù ni ohun tó bá rọ̀, wíà sì ni kí èèyàn wọ aṣọ, pé ó ní láti jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n máa ń wọ̀ fún iṣẹ́ náà nítorí ooru. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti ń bọ̀, wọ nǹkan tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Gígé tí ẹ ń gé e yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. O ní o fẹ́ gé ikọ́ rẹ̀ kúrò kí orin lè já geere. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má gé ikọ́ náà. Ikọ́ yẹn ni mo fi máa ń mọ̀ pé ó ti ti ọjà dé, kí ó tó yọ sí mi rárá. Ibi tó ti dá orin dúró tó ń bèèrè ẹni tó gbé iyọ̀ òun, má gé ìyẹn náà. Èmi ni mo gbé e.

O ní ẹ̀rọ náà á tún kọ ọ́ síta pé àṣìṣe wà, pé ẹlòmíràn ń lò ó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ta ni ẹlòmíràn? Mo rò ó títí. Mo ní bóyá ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló ń lo ohùn náà níbi tó wà, bóyá àwọn máláíkà ń bi í léèrè nǹkan, ó sì ń dá wọn lóhùn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó lò ó tán, ẹ má já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbà tí Tíṣà Edith wá ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ọkàn mi tó balẹ̀ díẹ̀. Ó ní ọ̀gá rẹ sọ pé káàdì ohùn àti dírẹ́bà ni kò gbọ́ra wọn yé, pé dírẹ́bà náà ti pẹ́ jù, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Ìyẹn yé mi. Mo ṣí àpótí ìyá rẹ, káàdì méjì ni mo bá níbẹ̀, ti ìdìbò àti ti ọsibítù. Ti ọsibítù ni mo fi sínú lẹ́tà yìí, nítorí dókítà ní kó yanu lọ́jọ́ náà, ó tan iná sí i lọ́fun, ó sì kọ ohun tó rí síbẹ̀, n kò sì rò pé káàdì ohùn kan tún lè ju ìyẹn lọ. Fún ọ̀gá rẹ, kó má ká a o. Tí wọ́n bá ti lò ó tán, dá a padà fún mi, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ti dírẹ́bà ló wá kù. Mo kọ́kọ́ bínú sí ọ̀gá rẹ. Ṣé torí pé ọkùnrin náà ti dàgbà ni wọ́n ṣe fẹ́ lé e? Àmọ́ mo tún rò ó pé òótọ́ ni, kò lè mọwọ́ ohùn Hàlímọ̀ ìyá rẹ, kò gbé e rí. Dírẹ́bà tó gbé ìyá rẹ dáadáa láyé yìí, Abíọ́nà ni, tó máa ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé e lọ ọjà Tápà. Mo bá wọ mọ́tò, ó di Ìgàngán níbi tó ń gbé.

Abẹ́ igi mángòrò ni mo bá a, ó jókòó sórí àga ọkọ̀ tó yọ kúrò nínú bọ́ọ̀sì náà kó tó tà á. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò mọ̀ mí títí mo fi sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bá ọmọ wọn tọ́mọ lọ sí Ìbàdàn, kò tíì padà. Mo rò ó fún un bí Tíṣà Edith ṣe rò ó fún mi. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ ní Èkó pé òun ò ríran mọ́. Mo ní ohùn ni wọ́n ní kó gbé, kò gba ojú. Ó ní láísẹ́ǹsì òun ti kú ńkọ́. Mo ní o wà níbẹ̀, ìwọ yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa gbàgbé Hàlímọ̀, pé ẹ̀gbẹ́ òun níwájú ló máa ń jókòó sí, tí òun bá ti kó sí kòtò báyìí, á ní, Abíọ́nà, rọra o, tòmátì ni mo kó, n ò kó òkúta. Sàrátù, kò sọ ọ́ lásán. Ohùn ìyá rẹ ló fi sọ ọ́. Bó ṣe máa ń fa “rọra” yẹn gùn, bó ṣe máa ń ṣe níbi “òkúta” bíi pé ẹ̀rín fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ló jáde lẹ́nu ọkùnrin onírùngbọ̀n. N kò lè gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ kàn mí léjìká, ó rò pé òun ṣẹ̀ mí. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní jọ̀ọ́, kó tún sọ ọ́ sí i. Ibẹ̀ la wà títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí, a jọ kírun, ó wá sìn mí dé ojú títì. Ó di ọwọ́ mi mú títí mọ́tò fi dé, n kò mọ̀ bóyá torí ojú rẹ̀ ni, àbí kò fẹ́ kí n tètè lọ.

Nítorí náà, kí ọ̀gá rẹ má gba dírẹ́bà mìíràn. Abíọ́nà ti gbà láti wá, kò bèèrè owó oṣù, kí ẹ ṣáà fún un lóúnjẹ àti ibi tí yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Jọ̀ọ́, tí o bá rí owó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì rédíò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn, ilé yìí ló dákẹ́ jù. Owó ọkọ̀ Abíọ́nà náà, fi mọ́ ọn. Tí ẹ̀rọ bá sì gbà níkẹyìn, tí ìyá rẹ sọ̀rọ̀, má fi rán ẹnikẹ́ni sí mi. Gbé e wá fúnra rẹ, kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lo máa lò. N kò fẹ́ dá nìkan gbọ́ ọ.

Tíṣà Edith kí ọ. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Á fún ọ ní ọkọ gidi, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ kò ní sú. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, o ò ní wá ẹni bá sọ̀rọ̀ kí o má rí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀.