Káàdì Ìdìbò Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Gàbọ́n níbí. Mo kí Bàbá Alága àwọn onílé àdúgbò wa, mo kí Sẹ̀nàmi àbúrò mi, mo kí gbogbo ará iwájú àti ará ẹ̀yìn. Bàbá Alága, mo bẹ̀ yín sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè nípàdé, kí wọ́n má sì fo ìlà kankan. Ìyá mi ni mò ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n gbogbo yín ló kàn.

Ara mi le, a dúpẹ́. Ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí ni mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá wà nínú yàrá yìnyín náà, kóòtù méjì ni mò ń wọ̀ lé ara wọn. Tí mo bá jáde, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí. Òjò ibí kò sì mọ̀ pé èèyàn ní ibi tó ń lọ. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní tó gbọ́ èdè Ègùn wa, ọmọ Gbájí, òun náà ti padà sílé. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ẹ ní ó dé, ẹ sì ṣàdúrà fún mi gan-an. Ìyá mi, àdúrà yẹn ń gún mi lára.

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́fun mi. Káàdì ìdìbò yín wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ rántí pé nígbà tí mò ń sáré ìwé ìrìnnà, wọ́n ní kí n mú ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ òbí mi wá. Mo gba káàdì yín, mo lọ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní Mòwó, mo sì tì í bọ àárín àwọn ìwé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, ẹ bi mí bóyá mo ti dá a padà. Mọ́tò ti ń fọn fèrè níta. Mo ní ó wà nínú àpótí yín, lábẹ́ àwọn gèlè. Èmi tí n kò tiẹ̀ dé ìdí àpótí náà!

Gbogbo wa la mọ bí àdúgbò wa ṣe rí. Àwọn ará iwájú tó ń ṣòwò lẹ́bàá títì ń tẹ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, àwọn onílẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀ sí èkejì, bí ọjọ́ ìdìbò bá sì dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì á jókòó sílé, wọ́n á máa fọṣọ. Olóṣèlú tá a bá fi ojú ọ̀nà tí omi ti gbà hàn, á béèrè pé èèyàn mélòó ló dìbò níbí. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé fi fẹnu kò pé kí gbogbo èèyàn jáde, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n máa ṣe. Ìyá mi, ẹ̀yin ni wọ́n fún ní ìwé orúkọ, ìwé ọmọ iléèwé tí èèpo rẹ̀ ti ya yẹn. Ẹ máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹ̀ ń sàmì sí ẹni tó wá, ẹ̀ ń padà lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò wá. Kò sẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ìka yín nìkan ló mọ̀. Torí ẹ̀ ni iwájú àti ẹ̀yìn fi gbà fún yín.

Ó ku bí oṣù kan kí ẹ dìbò ni mò ń wá nǹkan nínú àwọn ìwé mi, tí káàdì yín já bọ́ sílẹ̀. Fọ́tò yín ń wò mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi ọmọ Gbájí ń lọ sílé. Mo fún un ní bàtà Sẹ̀nàmi, mo fún un ní ìpara. N kò fún un ní káàdì. Ojú ń tì mí, torí màá ní láti jẹ́wọ́ pé mo purọ́. Mo wá ń tan ara mi pé kí ni ìbò ẹnì kan fẹ́ ṣe, ṣebí àwọn ọ̀gá olóṣèlú ti mú ẹni tó máa wọlé. Ẹ wo irú ọmọ tẹ́ ẹ bí.

Sẹ̀nàmi ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ ti kan gbogbo ilẹ̀kùn tán kẹ́ ẹ tó wá mú káàdì nílé. Ẹ tú àpótí, ẹ ká ẹní, ẹ tú àpò ìrẹsì. Àwọn obìnrin iwájú ti tò sórí ìlà, wọ́n ń wọ̀nà fún yín. Nígbà tí wọn kò rí yín, ọ̀kan ní wọ́n ti fowó rà yín, òmíràn ní ti àwọn ará ẹ̀yìn lẹ ń ṣe látijọ́, wọ́n sì ń yọ lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tẹ́ ẹ jáwọ́ nínú wíwá a, wọ́n ti ń ka ìbò. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀sán ọjọ́ ìdìbò yẹn, ẹ pè mí. Ẹ bi mí bóyá ó dá mi lójú pé abẹ́ gèlè ni. Mo ní kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wá ní, "Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?" Ìyá mi, ẹ ti mọ̀. Ẹ ti mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa bú yín nítorí mi.

Bàbá Alága, Sẹ̀nàmi ní kí ìyá mi tó fa ìwé yẹn lé yín lọ́wọ́, wọ́n fi bírò kọ "kò wá" síwájú orúkọ ara wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún àwọn tó jókòó sílé. Èyí ló dùn mí jù. Káàdì náà rèé nínú lẹ́tà yìí. Ẹ dákun, ẹ fi lé ìyá mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ sì dá ìwé orúkọ padà fún wọn. Ẹ̀yin obìnrin iwájú, ẹ má ṣe bínú sí wọn mọ́, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.

Ìyá mi, ẹ foríjì mí. Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń rìn láti ojúlé dé ojúlé kò ní rọ. Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Agbálátà. Bí ìwé orúkọ bá sì ti padà sọ́wọ́ yín, ẹ ṣí i sí ojúlé wa. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ orúkọ yín. Ẹ pa "kò wá" yẹn rẹ́ níwájú tiyín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwájú tèmi.

Èmi ni ọmọ yín,
Sẹ́wánù.