Òróró Àdúrà Tó Wà Lára Ẹ̀rọ Náà

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ìtọ́jú oníná kékeré ni pé kí a fi ìdìmú méjì tó dà bí yẹtí mú etí aláìsàn, kí iná bátìrì tí kò tó nǹkan gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bóyá ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì yóò gbé díẹ̀, bóyá àyà yóò yéé já, bóyá oorun yóò dé, láìgbé oògùn kankan mì. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe àlàyé yìí fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Òṣogbo. Mi ò kánjú sí i rí. Ẹ̀yin nìkan ni mo kánjú ṣe é fún.

Ẹ rántí ọjọ́ Ìsinmi tí mo gbé ẹ̀rọ náà wá sí Iléṣà. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, ẹ kò dé oko obì mọ́. Ẹ máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, oúnjẹ á tutù níwájú yín. Ẹ kò ní gbé hóró oògùn mì, torí bí wọ́n ṣe tọ́ yín nínú ìjọ nìyẹn, àdúrà àti omi nìkan. Mi ò bá yín jà. Mo ní ẹ̀rọ yìí kì í ṣe oògùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Dókítà, ṣé o fẹ́ sọ mí di rédíò ni?" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yín. Mo fi omi iyọ̀ rẹ fóòmù kékeré inú ìdìmú náà, mo fi mú etí yín, mo tàn án, mo sì ń wo aago ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, orí fóònù ni. Yèyé, ṣé ẹ ń lò ó? "Àràárọ̀ ni, ọmọ mi." Ṣé ẹ ń fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́? "Bí o ṣe ní kí n ṣe é náà ni." Ẹ kò purọ́. Ohùn yín ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì gbà pé ẹ̀rọ náà ni kò bá yín lára mu, torí òótọ́ ni pé kì í ran gbogbo ènìyàn lọ́wọ́.

Ìgbà tí a ń kó ẹrù yín lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo tó rí i. Ẹ fi gèlè funfun tí ẹ máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì di ẹ̀rọ náà, ìgò òróró àdúrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóòmù náà ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kan orí, òróró ni ẹ kọ́kọ́ ń fi pa ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa ń fi pa iwájú orí mi tí mo bá ń lọ ṣe ìdánwò. Òróró kì í jẹ́ kí iná wọ ara. Ká ní omi àdúrà ni ẹ fi pa á, kì bá tí ba nǹkan kan jẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ jókòó, ẹ dijú, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ yín, bóyá ni iná náà sì kàn yín rí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbà pé a ti fọ obì, àfi tí alágbàṣe bá ṣí ewé orí agbọ̀n kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tí mi ò ní kí ẹ ṣe é lójú mi? Ká ní mo rí i, ṣé ẹ ì bá ṣì wà láàyè? Kò sí ìwé kan nínú gbogbo èyí tí mo kà tó lè dá mi lóhùn.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì mi ní Dàda Estate, ní Òṣogbo níbí. Èmi náà kì í sùn dáadáa mọ́. Ó yẹ kí n pààrọ̀ fóòmù náà, kí n lò ó. Mi ò lè ṣe é. Òórùn yín ló kù síbẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún yín lọ́jọ́ náà ni mo ń sọ fún gbogbo aláìsàn báyìí, mo sì ń dúró títí wọ́n á fi ṣe é tán níwájú mi. Ẹ gbà á, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Kí ẹ tó fi ìdìmú mú etí, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ etí méjèèjì, kí òróró tàbí ìpara má ṣẹ́ kù. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi omi iyọ̀ rẹ fóòmù. Òróró àdúrà, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá yọ ìdìmú náà tán.

Èmi ni,
ọmọ yín tó kánjú.