Ta Ló Ni Oorun Ọ̀sán?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Ọ̀gá Kékeré kọ̀, kò sùn lọ́sàn-án òní. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì àbọ̀! Mo dé láti ilé búrẹ́dì, fúláwà ṣì wà nínú irun mi, ẹsẹ̀ wúwo — kílẹ̀ tó mọ́ ni mo ti wà nídìí ààrò. Oorun rẹ̀ ni oorun tèmi. Bó bá dijú, èmi náà á dijú. Àfi kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó máa kọrin fún bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Kò sùn. Èmi náà kò sùn. Mo bu iyọ̀ sí tíì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Ìyá Ìbejì tó ń gbé lókè wa ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn tòun jáwọ́ nínú oorun ọ̀sán, alẹ́ rọrùn: bí wọ́n bá ti jẹun tán, oorun ti gbé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ìyá ọkọ mi, tó ń bá mi wo ọmọ látìgbà tí mo ti padà síṣẹ́, gbọ́ wa láti ibi ìdáná. "Ọmọ tó ń sùn ló ń dàgbà." Ó fa kọ́tìnì, ó pọn ọmọ, ó ń rìn yí yàrá ká títí orí Ọ̀gá fi tẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì rọra, bí ẹni gbé omi tó kún. Ó sùn o. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ lẹ́, ojú rẹ̀ là kedere, ó fẹ́ ṣeré — èmi tí mo gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi. Mo ní a ò ní fipá mú ọmọ sùn lọ́sàn-án mọ́. Màmá ní ṣé mo fẹ́ kí ojú ọmọ máa pọ́n ni. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo bí i."
Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó bọ́, ó fọ́.
Màmá ká aṣọ ìpọnmọ, ó gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Màmá ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí ọmọ òun bá ti dé lọ́jọ́ Ẹtì (ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn), òun á máa lọ sílé òun. Kò fajú ro. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Tó bá lọ, ta ni mo máa fi ọmọ tì láàárọ̀ kùtù? Iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi wúwo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Ààrò bàjẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo rọra ṣílẹ̀kùn. Màmá sùn gbalaja lórí ẹní. Ọ̀gá Kékeré dùbúlẹ̀ tì í, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete, ó ń fi ìka kan pa ìpéǹpéjú ìyá àgbà. Ó rí mi. "Màmá ń sùn," ló rọra wí.
Màmá ta jí, ojú tì í. Ni ọ̀rọ̀ bá jáde. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìfọṣọ nílé ìwòsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ mi ti ń sùn ní kékeré, nínú ooru omi gbígbóná. Kò síbi tí wọ́n á jẹ́ kó tẹ́ ẹ sí. "Bí mo ṣe ń fọṣọ, bẹ́ẹ̀ lorí ẹ̀ ń gbá mi léjìká. Mo ní tí mo bá rí ọmọ ọmọ, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti máa sùn lọ́sàn-án."
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti bàtà iṣẹ́. Mo ní kó má bínú, kó má lọ.
"Ta ló ń lọ? Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí?"
A ṣàdéhùn: gbogbo wa á máa dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá sùn, ó sùn. Ẹni tí kò bá sùn, kó máa wo àjà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Bàbá Ọmọ dé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ yàrá. Ọ̀gá Kékeré kò sùn, ó ń fa ìka ẹsẹ̀ mi. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sùn lọ, ó ń hanrun, orí rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí ẹní. Màmá fi orúnkún rìn sún mọ́ ọn. Ó gbé orí ọkùnrin gàgàrà náà sókè, ó ti ìrọ̀rí bọ abẹ́ rẹ̀. Kò tètè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.