Báńjò Tó Dákẹ́ Lára Ògiri: Ìgbésí Ayé Olóògbé Arvil Gayheart (1938–2019)

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1938 ni wọ́n bí Bàbá wa, Olóògbé Arvil Gayheart, ní àfonífojì Caney Lick, láàárín àwọn òkè Kentucky. Burl Gayheart, awakùsà èédú, ni bàbá rẹ̀. Icy, ọmọ ilé Slone, ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa tipẹ́. Bàbá ni àkọ́bí. Hobert àbúrò rẹ̀ ni wọ́n bí tẹ̀ lé e, ìyá wọn kò sì bí mọ́.

Bàbá lọ sílé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà létí odò, ó sì ka ìwé dé kíláàsì kẹfà. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára jù, ilé ló ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Burl fi bí wọ́n ṣe ń ṣe báńjò, ohun èlò orin olókùn tí awọ bo ojú rẹ̀, hàn án: kí a gbẹ́ ọrùn rẹ̀ lára igi líle, kí a rẹ awọ òkété orí òkè sínú eérú títí irun rẹ̀ yóò fi re, kí a kàn án mọ́gi ní tútù, kí a jẹ́ kó gbẹ. Burl kìlọ̀ fún un pé awọ yìí kì í fẹ́ omi. Bí òjò bá ti ń rọ̀, yóò dẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì wọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lù ú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í yáná nídìí ààrò. Kò sí ọmọdé kan ní Caney Lick tí kò mọ èyí.

Ọdún 1955 ni Bàbá wọ ihò èédú bíi ti bàbá rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, òun àti Hobert á gbé báńjò àti gòjé lọ síbi ijó, wọn á máa lu orin àtijọ́ àwọn baba wọn àti orin olókùn ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní bulúgíráàsì, tó yá ju ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Níbẹ̀ ni Delphia Messer ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdìde jó. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Èmi ò wá jó o. Ẹni tó ń lu báńjò yẹn ni mo wá wò." Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù kẹfà ọdún 1960. Ọlọ́run fi Velda (1962) àti Garnet (1965) ta wọ́n lọ́rẹ.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1971, wọ́n pe Bàbá sí àpéjọ orin ńlá kan ní Sátidé tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́. Hobert ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa lọ jàre. Mo máa wọ ihò dípò yín. Àwọn tó ń ta gòjé pọ̀ níbẹ̀, ta ló máa lu báńjò bí ẹ ò bá lọ?" Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òrùlé ihò èédú wó lu Hobert. Bàbá ṣì wà lórí pèpéle nígbà tí wọ́n wá pè é. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Hobert.

Bàbá fi báńjò rẹ̀ kọ́ ìṣó, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣèrìbọmi nínú odò. Nítorí pé ìjọ wa kì í lo ohun èlò orin, gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìjọ ló gba báńjò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jiyàn. Ó ń bá wọn gbẹ́ sàréè lọ́fẹ̀ẹ́ títí eruku èédú fi dí i léèémí, tó fi iṣẹ́ ihò èédú sílẹ̀ lọ́dún 1988. Báńjò mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ṣe fún àwọn ẹlòmíràn nínú àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé, kò sì fi okùn sí ọ̀kankan. Á ní, "Okùn dọwọ́ ẹ o. Tèmi parí síbí." Àwọn kan pè é ní ìgbéraga. Wọn ò mọ Bàbá.

Lóṣù kẹrin ọdún 2009, àìsàn dá Delphia dúbúlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Velda, ẹ dákun, ẹ lu báńjò yẹn fún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré." Òjò ń rọ̀. Bàbá ní, "Awọ ti dẹ̀, Delphia. Jẹ́ kí oòrùn yọ ná." Delphia wò ó. Ọjọ́ karùn-ún ni oòrùn yọ. Ọjọ́ kẹrin ni Delphia lọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọdún mẹ́wàá ni Bàbá fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Nígbà ooru tó kọjá, ó ní kí Velda gbé báńjò náà sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ó sì fi ẹnu kọ́ ọ ní orin tí Delphia fẹ́ràn jù, díẹ̀díẹ̀, bí èémí rẹ̀ ṣe mọ. Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan okùn. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Iná wà nínú ààrò lọ́jọ́ yẹn, Velda. Ẹ̀wà ń hó lórí ẹ̀. Mo tan ìyá ẹ ni. Ẹ̀rù Hobert ló ń bà mí."

Velda ní, "Bàbá, Màámi mọ̀. Àwọn kọ́ ni wọ́n fi ọdún méjìdínláàádọ́ta dáná nínú ààrò yẹn ni?"

Bàbá ní, "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Bàbá jáde láyé ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó fi Velda àti Garnet sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì.

A kò ní gbé báńjò wọ ilé ìjọsìn. Òfin tí Bàbá pa mọ́, a kò ní rú u. Lórí òkè, níbi tí sàréè rẹ̀ ti wà láàárín Delphia àti Hobert, ni Velda yóò ti lu orin kan ṣoṣo tó mọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún wa. A ti gbé ààrò onírin kékeré kan gun òkè, igi gbígbẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò ní dúró de oòrùn.

Ẹ sùn re, Bàbá. Kí ilẹ̀ tó gba Hobert lójijì gba ẹ̀yin ní pẹ̀lẹ́, kí Màmá sì gbọ́ orin náà.