Ọwọ́ Tó Kọ Ilà Ojú Mi

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí Màámi, mo sì kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Inú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, torí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti ṣẹ̀ yín.

Bọ́ọ̀sì náà ni mo ṣì ń wà. Òtútù ọdún yìí le, àwọn tó ń kọ́ stéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin tuntun sì ti dí títì Harrow Manorway mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mi ò bá síṣẹ́, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwòrán yíyà kan nítòsí Beresford Square, ní Sátidé Sátidé.

Olùkọ́ wa, ìyá àgbà òyìnbó kan, kó àwòrán ojú èèyàn wá, èyí tí àwọn ará Ítálì fi gègé àti tàdáwà yà ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ìlà wẹ́wẹ́ lásán ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá kan báyìí, ẹ ó ti mọ̀ pé ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ ní tàdáwà ò ṣeé parẹ́, pé ẹni tó máa fà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú èèyàn dáadáa, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbọ̀n. Bàámi, ẹ̀yin ni mo rántí, nígbà tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ olóòlà, bí ẹ ṣe máa ń fi àtàńpàkò wá egungun lójú ọmọ kí ẹ tó mú abẹ.

Ló bá yíjú sí mi. Ó ní irú ìlà tí òun ń wí ló wà lójú mi yìí, pé ta ló fà á. Gbogbo kíláàsì ń wò mí. Mo ní jàǹbá mọ́tò ni, gíláàsì ló gé mi.

Ó káàánú mi. Mo gbé gègé mi sílẹ̀. Mò ń sá kí wọ́n má pè wá ní ará oko, mo wá sọ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi di jàǹbá. Ojú ń tì mí gan-an. Màá padà lọ ní Sátidé lọ sọ òótọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ̀.

Lọ́jọ́sí, ẹ bi mí lórí fóònù bóyá àwọn òyìnbó máa ń bèèrè ẹni tó kọlà fún mi. Mo ní wọn kì í bèèrè. Wọ́n ń bèèrè, Bàámi.

Ẹ forí jì mí. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé.

Ọmọ yín tí ẹ fọwọ́ ara yín kọlà fún,
Adéwálé