Ọṣẹ Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Alága àdúgbò wá. Ìlú fẹ́ fi orúkọ Bàbá pe ẹ̀rọ omi oríta, torí pé Bàbá ló ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, títí a fi sin wọ́n lóṣù tó kọjá. Èmi àkọ́bí ni kí n sọ̀rọ̀ ìrántí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò le. Bàbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wa lọ sílé ìwé, èmi níwájú, àbúrò mi lẹ́yìn. Bàbá tó ń fi rọ́bà dúdú inú táyà so ohun gbogbo tí wọ́n bá tún ṣe, kókó méjì lórí ara wọn. Ẹni tó bá rí kókó yẹn ti mọ ẹni tó kọjá níbẹ̀. Àárò wọn ń sọ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo tú àpò irinṣẹ́ Bàbá. Sípánà, òòlù, rọ́bà — àti ọṣẹ olóòórùn dídùn nínú ike, kànrìnkàn, tówẹ̀lì aláwọ̀ òdòdó. Ọkùnrin tó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ nílé. Mo wá rántí: gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wọlé, tí ara wọn á máa ta sánsán. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìlú ni. Iṣẹ́ ìlú wo ló ń lo tówẹ̀lì?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀rọ̀ ìrántí ò wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo sọ fún Oníwàásù — àbúrò mi, tó ń wàásù kí wọ́n tó bi í. Ó ní kí n jẹ́ kí òkú sinmi, pé kì í ṣe lásán ni Bàbá ń pè mí ní Ọlọ́pàá. Mo gbà. Àmọ́ bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo bi káfíńtà ọ̀rẹ́ Bàbá léèrè. Wọ́n ń wá ìṣó tó wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní Bàbá ṣe dáadáa sí gbogbo èèyàn. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Ó wá jáde: Bàbá ní kí wọ́n bá àwọn kan igi ìdìmú mọ́ ara ògiri ní ilé kan lẹ́yìn ilé ìlagi. Báwo ló ṣe ga tó? Wọ́n fọwọ́ kan itan wọn.

Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Bàbá mi bímọ síta.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá ń nu fọ́tò Bàbá. Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi sí òkú. Màmá ò lẹ́bí mìíràn. Bàbá tó bí wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni. Mi ò ní dúró níwájú ìlú kí n máa yin òpùrọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ. Rọ́bà dúdú lára ẹ̀rọ omi àgbàlá, lára ìlẹ̀kùn, kókó méjì lórí ara wọn. Mo kanlẹ̀kùn, èébú ti wà létè mi. Aládùúgbò tó ń gbóúnjẹ fún onílé ló ṣí i. Onílé wà lórí bẹ́ẹ̀dì: bàbá arúgbó, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ débi pé bí wọ́n bá dìde, ọwọ́ wọn á kan orúnkún; igi ìdìmú wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní imú ìyá mi ló wà lójú mi yìí. Wọ́n ní àwọn ló lé e jáde nílé torí pé ó fẹ́ atúnpáìpùṣe, àwọn sì ní kó má pe àwọn ní bàbá mọ́. Atúnpáìpùṣe yẹn ló ń wẹ̀ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àná rí. Wọ́n bi mí: kí ló dé tí kò wá mọ́?

Aládùúgbò ò tíì lè sọ fún wọn pé Bàbá ti kú. Èmi ni mo sọ fún wọn. Wọ́n sunkún, mo bá wọn sun ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú ń tì mí. Síbẹ̀ ara ń fu mí: gbogbo ọdún wọ̀nyí, Bàbá fi èyí pamọ́ fún Màmá. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́la, màá dá ọgbẹ́ sí Màmá lọ́kàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ ti ẹ̀rọ omi. Mo sọ ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Mo gbé àpò Bàbá, mò ń yọ́ jáde. Màmá pè mí padà. Wọn ò bi mí níbi tí mò ń lọ. Wọ́n fi ọṣẹ tuntun lé mi lọ́wọ́, irú tinú àpò gan-an, wọ́n ní ìyẹn á ti fẹ́ẹ̀ tán.

Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí omi gbóná, pé láti kékeré àwọn ni awọ ara bàbá àgbà kì í ti í gbà á. Wọ́n tún ní kí n má sọ ẹni tó ra ọṣẹ.